Ìdí Tí Ọ̀pọ̀ Ènìyàn Fi Ń Ka Ìwé Adẹ́rùbani ti Stephen King

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ láàrin wa tí ó yẹ kí a fi sùúrù yẹ̀ wò. Ní òpin ìgbà ẹ̀kọ́ tí ó kọjá, olórí yàrá kan bá ọ̀kan nínú wa ní agogo mọ́kànlá òru, tí ó fi aṣọ bo orí, tí ó tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ aṣọ náà, tí ó sì ń kàwé. A kọ́kọ́ rò pé ìdánwò ni ó ń múra sílẹ̀ fún. Ṣùgbọ́n nígbà tí a wo ìwé náà, ìtàn adẹ́rùbani ni, láti ọwọ́ ará Amẹ́ríkà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Stephen King. Láti ọjọ́ náà ni ohùn wa kò ti ṣọ̀kan mọ́. Àwọn kan wí pé kí a kó gbogbo ìwé ọkùnrin náà kúrò ní yàrá ìkàwé wa, nítorí pé ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ ni èyí, àwọn tí yóò kọ́ ọmọdé ni a sì ń tọ́ níbẹ̀. Àwọn mìíràn wí pé kí a fi í sílẹ̀. Àwọn àgbà wí pé agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Èmi fẹ́ gba ẹnu ìwé náà sọ̀rọ̀, kí a tó dájọ́.

Ìbéèrè tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi ara wa ni èyí: kí ni àwọn ènìyàn ń wá nínú ìwé náà? Ọkùnrin yìí ti kọ ìwé ìtàn gígùn tí ó ju 60 lọ, a sì ti ta ìwé rẹ̀ tí ó ju 350 mílíọ̀nù lọ káàkiri ayé. Ohun tí ó wọ ilé ènìyàn púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò lè ṣàìní ìdí. Bí a bá wí pé ìfẹ́ ibi nìkan ni ó ń fa gbogbo àwọn òǹkàwé wọ̀nyí, a ti fi gbólóhùn kan ṣoṣo dá ayé lẹ́bi, ṣùgbọ́n a kò tíì dáhùn ìbéèrè náà.

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí a mọ ẹni tí ọkùnrin náà í ṣe. A bí i ní ọjọ́ 21 oṣù kẹsàn-án ọdún 1947, ní ìlú Portland, ní ìpínlẹ̀ Maine. Nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún méjì, baba rẹ̀ jáde nílé, kò sì padà mọ́. Ìyá rẹ̀ nìkan ni ó fi iṣẹ́ àṣelàágùn tọ́ òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dàgbà. Nígbà tí ó kọ àwọn ìtàn rẹ̀ àkọ́kọ́ ní kékeré, ìyá yìí kà wọ́n, ó yìn ín, ó sì fún un ní owó díẹ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Lẹ́yìn èyí, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ ìtàn kan, ó sì tà á fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Aláṣẹ ilé-ẹ̀kọ́ náà ní kí ó dá owó wọn padà, ó sì bi í léèrè ìdí tí ọmọ tí ó ní irú ẹ̀bùn báyìí fi ń fi í ṣòfò lórí ohun tí kò níláárí. Nínú ìwé tí ó kọ nípa iṣẹ́ ìwé kíkọ ní ọdún 2000, Ọ̀gbẹ́ni King sọ pé ọ̀pọ̀ ọdún ni òun fi ń tijú iṣẹ́ ọwọ́ òun nítorí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbàgbé ibi yìí, nítorí èmi yóò tún padà sí i.

Ó jáde ní Yunifásítì ti Maine ní 1970. Kò tètè rí iṣẹ́ olùkọ́, nítorí náà ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìfọṣọ, ó ń fọ aṣọ ibùsùn àwọn ilé ìtura àti ti ilé ìwòsàn. Ní 1971 ó gbéyàwó, ó sì di olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ẹ̀kọ́ Hampden Academy. Bẹ́ẹ̀ ni, olùkọ́ ni ọkùnrin yìí, gẹ́gẹ́ bí àwa náà yóò ti jẹ́. Bí ó bá ti kọ́ ọmọ tán ní ọ̀sán, tí ó ti wo iṣẹ́ wọn tán, yóò jókòó ní alẹ́ síbi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ìyàwó rẹ̀, yóò máa kọ ìtàn. Ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀kan, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó sì jù ú sínú apẹ̀rẹ̀ ìdalẹ̀nù. Ìyàwó rẹ̀ ni ó ṣa àwọn ojú-ìwé náà jáde, tí ó gbọn eérú kúrò lára wọn, tí ó sì rọ̀ ọ́ kí ó kọ ọ́ parí. Ìwé náà ni Carrie, tí ó jáde ní 1974. Ẹgbẹ̀rún méjì àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta dọ́là ni a kọ́kọ́ fún un lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ta ẹ̀tọ́ àtitẹ̀ ẹ́ ní ìwé ẹlẹ́yìn rírọ̀, 400,000 dọ́là ni a tà á, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ tirẹ̀. Báyìí ni ó ṣe fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀.

Mo wá fẹ́ sọ àwọn ìdí tí mo rò pé ó fà á tí àwọn ènìyàn fi ń ka ìwé rẹ̀.

Ìdí kìn-ín-ní ni pé kì í mú wa lọ sí ibi àjèjì. Àwọn tí ó ń kọ ìtàn ẹ̀rù ní ìgbà àtijọ́ ní ilẹ̀ Yúróòpù a máa gbé ìtàn wọn sí ilé ńlá àwọn ọlọ́lá tí ó wà lórí òkè jíjìn. Ọ̀gbẹ́ni King kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlú kéékèèké ti Maine ni ó ń sọ, níbi tí ẹni tí ń ta oúnjẹ, ẹni tí ń ta epo mọ́tò, olùkọ́, ọlọ́pàá àti òjíṣẹ́ Ọlọ́run ti mọ ara wọn. Nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1975, 'Salem's Lot, àwọn òkú tí ń dìde lóru láti mu ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ni ó wọ irú ìlú bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó rí wọn rárá, a ti mọ ẹni tí ń lu ọmọ rẹ̀ nínú ìlú náà, a ti mọ ẹni tí ń mutí, a ti mọ ẹni tí ń ṣe òfófó. Nígbà tí ibi bá wá dé, àwọn tí a mọ̀ ni ó dé bá. Ẹ̀rù kì í ba ènìyàn púpọ̀ nítorí ẹni tí kò mọ̀.

Ìdí kejì, èyí tí mo kà sí pàtàkì jù, ni pé ohun ẹlẹ́rù inú ìwé rẹ̀ kì í sábà jẹ́ ohun tí ó burú jù níbẹ̀. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ni ó wà. Nínú Carrie, ọmọbìnrin kan ní agbára láti fi èrò ọkàn mú ohun tí ó wà nílẹ̀ fò. Ṣùgbọ́n ta ni ó ka ìwé náà tí kò mọ̀ pé ohun tí ó ba ni nínú jẹ́ níbẹ̀ ni bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ ṣe ń fi í ṣẹ̀sín, àti bí ìyá rẹ̀ ṣe ń fi orúkọ ẹ̀sìn dá a lóró? Nínú The Shining, tí ó jáde ní 1977, olùkọ́ kan tí a lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí pé ó na akẹ́kọ̀ọ́ kan, mú aya rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún márùn-ún lọ ṣọ́ ilé ìtura ńlá kan lórí òkè Colorado ní àkókò yìnyín. Iwin wà nínú ilé náà; ṣùgbọ́n ọtí àti ìbínú ti wà nínú baba náà kí ó tó dé ibẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni King fúnra rẹ̀ ti bá ọtí jìjàkadì rí, ó sì jẹ́wọ́ lẹ́yìn náà pé òun ń kọ nípa ara òun láìmọ̀. Nínú Cujo ti ọdún 1981, kò sí iwin kan tí ó lè ju ajá dìgbòlugi lọ, tí ó sé ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ mọ́ inú mọ́tò nínú oòrùn gbígbóná. Irú nǹkan wọ̀nyí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Ẹni tí baba rẹ̀ ń mutí ní Ìbàdàn yóò lóye ohun tí ó ń dẹ́rù ba ọmọ kékeré náà ní Colorado.

Ìdí kẹta ni pé ìtàn ẹ̀rù a máa jẹ́ kí a lè sọ ohun tí a kì í sọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí láàyè kí n mú ọ̀rọ̀ ara mi wá síbí, nítorí n kò ní ẹ̀rí mìíràn tí ó dára ju èyí lọ. Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹrin, àbúrò mi ọkùnrin kú. Àwọn àgbà ilé gbé e lọ sin ní ọ̀sán ọjọ́ náà, wọn kò sì jẹ́ kí baba àti ìyá wa mọ ibi tí wọ́n sin ín sí, gẹ́gẹ́ bí àṣà wa. Ọ̀fọ̀ ni, a kì í sì í sọ ọ̀rọ̀ ọ̀fọ̀. Láti ọjọ́ náà ẹnikẹ́ni kò dárúkọ rẹ̀ mọ́ nínú ilé wa. Èmi a máa jí lóru, n ó máa rò pé bóyá ó ń wá ọ̀nà ilé. N kò lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo di ọ̀dọ́mọkùnrin, mo rí ìwé tí Ọ̀gbẹ́ni King tẹ̀ jáde ní 1983, Pet Sematary. Nínú rẹ̀, ọkọ̀ ńlá kan pa ọmọ kékeré oníṣègùn kan lójú títì. Baba náà kò lè gba ọ̀rọ̀ náà, ó lọ hú òkú ọmọ rẹ̀, ó gbé e lọ sin sí ilẹ̀ kan tí ń dá òkú padà. Ọmọ náà padà wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó padà wá. Ẹ̀rù bà mí gidigidi bí mo ti ń kà á. Síbẹ̀, nígbà tí mo pa ìwé náà dé, mo sunkún fún àbúrò mi fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìdí àṣà wa hàn sí mi kedere, pé àwọn àgbà fẹ́ dáàbò bo òbí kúrò lọ́wọ́ ibojì náà. Ó sì tún hàn sí mi pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wa ti pọ̀ jù fún ọmọdé. Ọdún náà ni mo bi ìyá mi léèrè ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó sì dárúkọ rẹ̀.

Ìdí kẹrin ni pé ẹ̀rù inú ìwé ní òpin. Ẹni tí ń kà á lè pa á dé, kí ó tan iná, kí ó sì rí i pé ogiri yàrá rẹ̀ ṣì dúró. Ọkàn rẹ̀ ti lù kìkì, ara rẹ̀ ti gbọ̀n, ṣùgbọ́n kò farapa. Àwa tí a ti gbọ́ àlọ́ lẹ́sẹ̀ ìyá wa mọ èyí dáadáa. Ǹjẹ́ kì í ṣe ọmọ tí ẹ̀rù iwin bà jù ni ó máa ń kọ́kọ́ wí pé kí a tún un pa? Ó fẹ́ dán ẹ̀rù náà wò ní ibi tí apá ìyá rẹ̀ ti lè tó o. Ojú tí ó ti rí òkun kì í rí ọ̀sà kí ó bẹ̀rù.

Ìdí karùn-ún ni pé ó bọ̀wọ̀ fún ọmọdé. Nínú ìwé rẹ̀ It ti ọdún 1986, tí ó ju ẹgbẹ̀rún ojú-ìwé lọ, ohun búburú kan ń gbé inú ọ̀gbun lábẹ́ ìlú, a sì máa gbé àwọ̀ ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan bẹ̀rù jù wọ̀. Àwọn àgbà ìlú náà kò rí i, tàbí kí wọ́n rí i kí wọ́n mójú kúrò. Ọmọ méje tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kò kà sí ni ó fi ọ̀rẹ́ ṣẹ́gun rẹ̀. Ọ̀kan ń kólòlò, ọ̀kan sanra, ọ̀kan jẹ́ aláwọ̀ dúdú láàrin àwọn òyìnbó, ọ̀kan sì jẹ́ ọmọbìnrin tí baba rẹ̀ ń lù. Irú àwọn ọmọ wọ̀nyí wà nínú kíláàsì gbogbo.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ẹnu àwọn tí ó lòdì. Wọ́n wí pé ìwé tí ó kún fún iwin àti ikú kò yẹ Kristẹni. Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ wọn, ṣùgbọ́n mo bi wọ́n pé, kí ni kí a ti ṣe ìtàn Sọ́ọ̀lù lọ́dọ̀ obìnrin abókùúsọ̀rọ̀ ní Éńdórì sí, tàbí ti ọwọ́ tí ó kọ̀wé sára ògiri Bẹliṣásárì, tàbí ti ẹranko tí Dáníẹ́lì rí lójú ìran? Ìwé Mímọ́ kò sá fún ẹ̀rù. Wọ́n tún wí pé ohun tí ó wu ogunlọ́gọ̀ kì í ṣe ohun tí ó dára. Nígbà tí a fi àmì ẹ̀yẹ ńlá ti ẹgbẹ́ National Book Foundation dá Ọ̀gbẹ́ni King lọ́lá ní 2003, ọ̀mọ̀wé Harold Bloom kọ̀wé nínú ìwé ìròyìn láti fi ẹ̀hónú hàn, ó ní kò yẹ fún un. Òótọ́ ni pé òǹkàwé púpọ̀ kò sọ ìwé di rere. Ṣùgbọ́n òǹkàwé púpọ̀ kò sì sọ ìwé di búburú.

Wọ́n tún wí pé nǹkan òyìnbó ni. Èyí ni ó yà mí lẹ́nu jù. Olóyè D. O. Fágúnwà, tí òun náà jẹ́ olùkọ́, tí ó sì kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì St. Andrew ní Ọ̀yọ́, ni ó kọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí ó jáde ní 1938. Àwọn iwin tí ó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ènìyàn fẹ́ bá pàdé ní òru, síbẹ̀ inú ilé-ẹ̀kọ́ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ti kà á. Ìyàtọ̀ tí mo rí láàrin àwọn méjèèjì ni pé, ti Fágúnwà, ọdẹ ni ó gbé ìbọn rẹ̀ lọ bá ẹ̀rù nínú igbó, ó sì lè padà wálé. Ti King, ẹ̀rù ni ó wá bá ènìyàn nínú ilé, kò sì sí ilé mìíràn tí a ó padà sí. Fágúnwà a máa dá ìtàn dúró kí ó lè gbà wá níyànjú. King kì í gbani níyànjú, ó ń fi ìdájọ́ sílẹ̀ fún òǹkàwé. Nítorí náà ni ìwé King ṣe nílò olùkọ́ lẹ́bàá rẹ̀.

N kò sọ pé kò ní àbùkù. Ọ̀rọ̀ rírùn wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ pọ̀, nǹkan tí kò yẹ kí ọmọdé kà sì wà níbẹ̀. Àwọn ìwé mìíràn gùn ju bí ó ti yẹ lọ. Òun tìkára rẹ̀ mọ̀ pé ìwé lè pani lára. Ó kọ ìwé kan, Rage, tí ó jáde ní 1977 ní orúkọ mìíràn, nípa akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó gbé ìbọn wọ kíláàsì. Lẹ́yìn tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan yìnbọn pa àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Kentucky ní 1997, Ọ̀gbẹ́ni King ní kí a má ṣe tẹ ìwé náà mọ́, kò sì sí ẹni tí ó fi ipá mú un. Bí ẹni tí ó ni ìwé bá lè yẹ̀ ẹ́ wò báyìí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó yẹ kí àwa náà yẹ̀ wọ́n wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a má ṣe kó gbogbo wọn sọ síta lẹ́ẹ̀kan náà.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo fi ìrẹ̀lẹ̀ dá lábàá. Èkíní, kí a fi àwọn ìwé náà sí àpótí tí olùkọ́ ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, kí ẹni tí ó fẹ́ kà á béèrè rẹ̀ ní gbangba, kí a má sì tún ka ìwé lábẹ́ aṣọ mọ́. Ohun tí a bá fi pamọ́ ni ó máa ń dùn jù. Èkejì, kí ẹni tí ó bá kà á kọ ojú-ìwé kan nípa ohun tí ó rí níbẹ̀, kí olùkọ́ sì bá a sọ ọ́. Ẹ̀kẹta, kí a má ṣe gbé e fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí a ó lọ máa kọ́. Ṣùgbọ́n kí àwa tí ó kà á má ṣe gbàgbé ohun tí a kà.

Mo ṣèlérí pé èmi yóò padà sí ọ̀rọ̀ aláṣẹ ilé-ẹ̀kọ́ náà. Láìpẹ́, a ó fi ọmọ lé wa lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn yóò ya iwin sí ẹ̀yìn ìwé ìṣirò rẹ̀. Ọ̀kan yóò máa kólòlò, ọ̀kan yóò sì ti sin ẹnìkan tí a kò dárúkọ ní ilé wọn. Ó rọrùn láti sọ pé ohun tí kò níláárí ni ó ń ṣe, kí a sì gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí a tó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tí ó yà, àti ìdí tí ó fi yà á, kí a sì dúró gbọ́ ìdáhùn rẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ohun tí ó lòdì sí èyí, inú mi yóò dùn láti kà á nínú ìwé ìròyìn wa tí ń bọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kejì